Ìkúnlẹ̀ Tí Mo Wá Lọ sí Òkè-Ìlá

Ìwọ obìnrin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde lára rẹ rí, tí oyún mìíràn sì ti tún dúró, ìwọ ni mo jókòó kọ èyí sí. Mi ò mọ̀ ọ́ rí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ sí ọ létí. Mo mọ ìyá ọkọ tó ń mi orí. Mo mọ ọ̀rẹ́ tó ń sọ pé ti ẹ̀gbọ́n òun kò rí bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ ohun tí ìwọ fúnra rẹ ń rò nígbà tí ọwọ́ rẹ bá kan ojú àpá yẹn nínú balùwẹ̀. Onídìrí ni mí, Ìlá Ọ̀ràngún ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́. Ẹ bi àwọn oníbàárà mi léèrè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni mi ò tíì lè fi ẹnu sọ tán, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́.

Fèyí ni àkọ́bí mi. Nígbà tí ìrọbí rẹ̀ mú mi, mo kun àtíkè kí n tó kúrò nílé, mo ní kí ọmọ má bá ìyá rẹ̀ ní wúruwùru. Mo rò pé eré ni. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ọmọ kò wá. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan tẹ́tí sí ìró ọkàn ọmọ nínú mi, ojú rẹ̀ yí padà, ó sì sáré jáde. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti ń tì mí lọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkọ mi sì ń tọwọ́ bọ̀wé. Wọ́n ní orí ọmọ kò dúró bó ṣe yẹ kó dúró, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́. Wọ́n la inú mi, wọ́n gbé Fèyí jáde, ó ké, mo sì gbọ́ igbe rẹ̀ bí ẹni tó wà lókèèrè. Bí mo ṣe di ìyá ọmọ nìyẹn.

Inú mi dùn, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ ìkómọ, ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Òkè-Ìlá nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, wọ́n ki í, wọ́n ki í, ó wọ ọmọ náà lára. Wọ́n wá mí kanlẹ̀.

"Ọmọ yìí dáa o," ni Màmá wí. "Àfi pé o ò kúnlẹ̀ bí i ni, ìyàwó."

Kò sí Yorùbá tí kò mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ abiyamọ jẹ́. Tí ọmọ bá ń ṣorí kunkun, tí ọ̀rọ̀ bá ti pin, ìyá á ní òun fi ìkúnlẹ̀ tí òun kúnlẹ̀ bí i bẹ̀ ẹ́. Tí àdúrà bá wúwo, ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni ìyá á fi bẹ Ọlọ́run fún ọmọ rẹ̀. Màmá wá wò mí lójú, wọ́n ní, "Lọ́jọ́ tí Fèyí bá ní tinú òun lòun máa ṣe, kí lo máa fi bẹ̀ ẹ́?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo ní, "Màmá, màá fi abẹ bẹ̀ ẹ́." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó tán níbẹ̀ lójú wọn. Lọ́dọ̀ tèmi, kò tán. Tí mo bá ń di irun, tí obìnrin kan bá sọ lórí ìjókòó pé òun fi ìkúnlẹ̀ òun gégùn-ún, ìyarun á dúró lọ́wọ́ mi. Mo máa ń rò ó pé èmi dùbúlẹ̀ gbalaja ni, ẹlòmíràn ló bá mi gbé ọmọ mi jáde. Lónìí, tí ẹnikẹ́ni bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, mo mọ èsì tí màá fún un. Ẹni tó jẹ́ kí wọ́n la inú òun nítorí ọmọ, kí ló tún kù tó fẹ́ fi bẹ ọmọ? Nígbà yẹn, mi ò rí ẹni bá mi sọ ọ́.

Fèyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé nígbà tí oyún kejì dé. A kò pète rẹ̀. Mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí ẹ mọ bó ṣe ń rí lọ́jọ́ àwọn aboyún. A ó tò sórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀, bí ẹnì kan bá wọlé, gbogbo wa á fi ìdí wọ́ síwájú díẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa wọ́ títí oòrùn á fi bá wa níbẹ̀. Ẹni tó bá lọ tọ̀, tí kò bẹ ẹnì kejì kó bá òun ṣọ́ àyè, ó di ẹ̀yìn. Mo wọ́ ìdí dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní sùúrù. Ó wo àpá mi, ó béèrè ọjọ́ orí Fèyí, ó sì mi orí díẹ̀.

"Ojú àpá ìta ti san dáadáa," ó wí. "Ti inú ni mi ò lè fojú rí, òun ló sì ṣe pàtàkì. Tó bá jẹ́ tèmi, màá ní ká dá ọjọ́, ká tún ṣiṣẹ́ abẹ, torí oyún yìí tètè dé."

Mo bi í pé, "Dókítà, ṣé mi ò wá lè bí i fúnra mi mọ́ láéláé ni?"

"Ẹ lè gbìyànjú ẹ̀," ó wí. "Àwọn kan máa ń gbìyànjú ẹ̀, wọ́n sì máa ń bí i. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ńlá la ti ń ṣe é, níbi tí yàrá iṣẹ́ abẹ wà, tí ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, tí ẹnì kan á máa ṣọ́ yín látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá yí pẹ́nrẹ́n báyìí, a ó wọlé. Ẹ má lọ bí i sílé o. Ẹ má sì lọ bí i síbi tí wọn ò ti lè ṣiṣẹ́ abẹ."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù lórí mi: ẹ lè gbìyànjú ẹ̀. Mo fi ń rìn, mo fi ń rẹ́rìn-ín.

Ìbàdàn ni ọkọ mi ti ń jó irin, ó máa ń wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní ohun tí dókítà bá sọ ni ká ṣe. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá Fèyí, kò sí ìwà burúkú lọ́wọ́ rẹ̀, àbùkù rẹ̀ kan náà ni pé ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló máa ń gbà fún. Èmi kọ́ ni mo sì bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tí Màmá gbọ́, wọ́n wá sí Ìlá fúnra wọn. Inú wọn dùn, wọ́n gbé iṣu wá. Wọ́n ní, "Ṣebí dókítà fẹnu ara ẹ̀ sọ pé o lè bí i? Tó o bá lè bí i lọ́dọ̀ wọn, kí ló dé tí o ò ní lè bí i lọ́dọ̀ wa? Ṣé inú méjì lo ní ni?"

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Ewu rẹ̀ nìyẹn. Ká ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni, ǹ bá ti fi rẹ́rìn-ín. Owó tó bá iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ lọ náà wà lọ́kàn gbogbo wa, bí a ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Màmá sì fẹ́ràn mi, mi ò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ wọn. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ló ń bà wọ́n. Lójú tiwọn, ẹni tí wọ́n bá ti là lẹ́ẹ̀mejì, ó ti bàjẹ́.

Ìyá tó bí mi wà ní Ọ̀tan Ayégbajú. Àwọn nìkan ni wọ́n sọ ohun tó yàtọ̀. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí wọ́n ṣe é, ọmọ mi. Ìwọ ni mo fẹ́ máa rí." Ṣùgbọ́n ẹ mọ ipò ìyá ìyàwó nílé wa. Ẹni tó ti fa ọmọ lé ìdílé ọkọ lọ́wọ́ kì í pariwo lé wọn lórí. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gbẹ́nu dákẹ́.

Ìjọ tí Màmá ń lọ ní Òkè-Ìlá ní ilé ìgbẹ̀bí. Àìmọye ọmọ ni wọ́n ti bí síbẹ̀, ọkọ mi wà lára wọn. Obìnrin tó ń gbẹ̀bí níbẹ̀, Màmá Agbẹ̀bí, ti dàgbà, ọwọ́ wọn rọ̀. Nígbà tí ìyá ọkọ mi mú mi dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀, wọ́n sì rí àpá mi.

"Wọ́n ti là ọ́ rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mi ò kì í sábà gba irú eléyìí o."

Ìyá ọkọ mi yára dá sí i. "Ti àkọ́kọ́ ni orí ẹ̀ ò dúró dáadáa. Eléyìí ti kọrí sísàlẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án wò."

Wọ́n fọwọ́ kàn án. Lóòótọ́, ó ti kọrí sísàlẹ̀. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá ní ẹ gbé e lọ, ẹ ò ní bá mi jiyàn." A gbà. Wọ́n gbàdúrà fún mi pé màá bí bí àwọn obìnrin Hébérù, kí agbẹ̀bí tó dé ni ọmọ á ti wà nílẹ̀. Àmín mi ló ròkè jù lọ.

Nígbà tí oṣù mi pé, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé Fèyí, mo lọ sí Òkè-Ìlá. Mo sọ fún àwọn oníbàárà mi pé mo fẹ́ lọ sinmi. Irọ́ ni. Ìkúnlẹ̀ ni mo wá lọ. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi, kí n bímọ, kí n sì dìde. Bó bá jẹ́ ti ìbẹ̀rù nìkan ni, ǹ bá ní sùúrù fún ara mi lónìí. Ìgbéraga wà níbẹ̀, ìyẹn ló ń dùn mí.

Òwúrọ̀ ni ìrọbí bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti se àgbo abíwẹ́rẹ́, wọ́n rọ ọ́ sínú ike, wọ́n ní kí n mu ún tán, kí ọmọ lè rìn kíá. Mo mu ún. Ó kúkú rìn. Ìrọbí wá ń lé ara wọn, èyí ò tíì lọ tí èkejì fi ń dé. Nígbà tó tó àkókò, Màmá Agbẹ̀bí tẹ́ ẹní, mo di bẹ́ǹṣì kan mú, mo sì kúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí, torí pé òótọ́ ni: inú mi dùn. Ojú mi ń sunkún, ìbàdí mi ń já, inú mi sì ń dùn. Mo ń wí lọ́kàn mi pé, Fèyí, wò ó, èmi náà ti kúnlẹ̀. Mi ò tíì rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ látìgbà náà.

Lẹ́yìn náà ni ìrora kan bẹ̀rẹ̀ níbi àpá. Gbọ́ mi dáadáa níbí. Ìrọbí ń wá, ó sì ń lọ, obìnrin á mí díẹ̀ kó tó tún dé. Èyí kò lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń ta bí ẹni fi ata sójú egbò. Mo sọ ọ́. Ìyá ọkọ mi ní, "Ìrọbí ni, ìyàwó, fara dà á." Mo fara dà á. Kò pẹ́, mo gbọ́ ọ lára pé nǹkan kan ya nínú mi, bí ìgbà tí aṣọ ya. Gbogbo ìrọbí náà sì dákẹ́ lójijì.

Ara tù mí. Mo ní, "Ọlọ́run, o ṣeun." Ìyá ọkọ mi àti àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ọpẹ́, wọ́n ní ó ti rọrùn, ọmọ ti ń bọ̀. Èmi náà gbe orin náà. Ìgbà tí wọ́n ń kọrin yẹn ni ọmọ mi ń kú lọ.

Màmá Agbẹ̀bí nìkan ni kò kọrin. Wọ́n gbé etí lé mi nínú, wọ́n sún un síhìn-ín, wọ́n sún un sọ́hùn-ún. "Ẹ dákẹ́ orin," ni wọ́n wí. Wọ́n tún tẹ́tí. Wọ́n wá figbe ta: "Ẹ wá mọ́tò! Ẹ wá mọ́tò nísinsìnyí!" Òùngbẹ ń gbẹ mí, òtútù ń mú mi, èjìká mi kan ń dùn mí, kò sì sí ohun tó kàn án. Wọ́n dá takisí kan tó kó gààrí dúró, wọ́n da àpò gààrí sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n gbé mi sí i. Ọ̀nà Òkè-Ìlá sí Ìlá tí mo ti ń gùn látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ mi, mi ò mọ̀ pé ó jìn tó bẹ́ẹ̀. Orí mi wà lórí itan ìyá ọkọ mi. Orúkọ mi gan-an ni wọ́n ń pè, wọn ò pè mí ní ìyàwó mọ́.

Dókítà yẹn náà la bá. Ó wò mí, kò bú mi, kò béèrè ibi tí mo ti ń bọ̀. Ó kàn ní kí wọ́n yára. Ká ní ó bú mi ni, bóyá ǹ bá rí nǹkan dì mú.

Nígbà tí mo lajú, ìyá mi, tí ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bi wọ́n pé kí ni mo bí. Wọ́n ní ọkùnrin ni. Mo ní níbo ló wà. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Omi ló dànù, ọmọ mi. Agbè ò fọ́."

Ohun tí a ń sọ fún abiyamọ tọ́mọ kú mọ́ lọ́wọ́ nìyẹn, mo ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn rí. Lọ́jọ́ kejì, dókítà jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi, ọkọ mi tó ti Ìbàdàn dé dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ojú àpá inú ló ya, ẹ̀jẹ̀ kò dá, àwọn sì ní láti yọ ilé ọmọ kí n má bàa kú. Ọkọ mi yíjú sí ògiri. Agbè ti fọ́, ìyá mi ni kò tíì mọ̀ nígbà tí wọ́n ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Gbogbo ẹni tó wá kí mi lẹ́yìn ìyẹn ló ń sọ ọ́: agbè ò fọ́, agbè ò fọ́. Mo ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun.

Mi ò rí ojú ọmọ náà. Wọ́n ti sin ín kí n tó lè dìde, wọn ò sì fi ibẹ̀ hàn mí, torí pé nílẹ̀ wa òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Kò dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, nítorí náà kò lórúkọ. Ọkọ mi sọ pé ó fi iwájú orí jọ mi. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ nípa rẹ̀.

Màmá Òkè-Ìlá kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà látọjọ́ yẹn. Wọ́n ń wá, wọ́n ń gbé iṣu wá, wọ́n ń wẹ Fèyí, wọ́n ń lọ. Nígbà kan mo bínú sí wọn débi pé mi ò lè jẹ iṣu náà. Báyìí mo ń jẹ ẹ́. Wọ́n ti rù ju bí mo ṣe mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, mi ò sọ pé dandan ni kí wọ́n là ọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n bí i fúnra wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí ọmọ àti ìyá sì wà láàyè. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó o gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà tán. Tó bá ní o lè gbìyànjú, béèrè ibi tó o ti lè gbìyànjú, kó o sì mú ẹnì kan nínú ilé ọkọ rẹ dání, kí òun náà fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Má mu ohunkóhun tó ń lé ọmọ jáde. Tí ojú àpá bá ń dùn ọ́, tí kò sì bá ìrọbí lọ, má fara dà á, pariwo. Tí ìrọbí bá ṣàdédé dákẹ́ tí ọmọ kò tíì wá, ẹ má kọrin. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́ pé kí lo máa fi bẹ ọmọ rẹ lọ́jọ́ iwájú, sọ fún un pé kó jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ wà láàyè ná.

Ara mi ti le. Mi ò lè dúró pẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà mo ra àpótí gíga kan tí mo ń jókòó lé dirun. Nígbà ọyẹ́, ojú abẹ máa ń hún mi. Ọkọ mi ti kúrò ní Ìbàdàn, Ìlá níbí ló ti ń jó irin báyìí, ó sì ti wá ń bá èmi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Fèyí ti wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú bíi tèmi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti iléèwé dé bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń di irun fún obìnrin kan tí kò mọ̀ wá rí. Obìnrin náà yọ̀ mọ́ ọn, ó bi mí pé àbúrò ẹ̀ ńkọ́. Mo ní òun nìkan ni.

"Ẹ má ṣèyọnu," obìnrin náà wí. "Olúwa á fi àbúrò tì í lẹ́yìn kíákíá."

Kí n tó lanu, Fèyí ti ṣe àmín, ó ṣe é sókè gan-an, torí ó ti pẹ́ tó ti ń béèrè àbúrò lọ́wọ́ mi. Ó wá ń wò mí, ó ń dúró kí n ṣe tèmi.

Mo ṣe àmín. Mo sì mú irun tó kù.